Ojúlówó sányán tí mo ní kí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn: ṣé owó náà tọ́ sí i?

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lojú yín máa kọ́kọ́ sá lọ. ₦780,000 ni mo san fún aṣọ agbádá, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà, sányán gidi, aṣọ òfì tí wọ́n fi òwú ara kòkòrò inú igbó hun, láìtíì ka owó ìránṣọ mọ́ ọn. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ iye náà, ó ní ṣé ilẹ̀ la fẹ́ rà ni. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n agbádá rírán ni mo fi ń jẹun níbí ní Ìbàdàn, kò sì sí oṣù kan tí oníbàárà ò ní gbé "sányán" wá bá mi, èyí tí wọ́n rà ní ₦90,000 tàbí ₦120,000. Kí n tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ ni mo ti ń mọ̀ pé àwọ̀ sányán lásán ló wà níbẹ̀, òwú ike ni wọ́n fi hun ún. Mi ò kì í sọ fún wọn àfi ẹni tó bá bi mí, torí aṣọ tí èèyàn ti rà, tó ti fi yangàn nílé, kì í ṣe télọ̀ ló yẹ kó bà á jẹ́ mọ́ ọn lójú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ jẹ oyè, tó ní kí n bá òun wá aṣọ tó máa yẹ òun, mo ní ó tó àkókò ká lọ wá ojúlówó rí.

Sányán baba aṣọ, àlàárì baba ẹ̀wù: gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹtù ni ìkẹta wọn, aṣọ òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ẹ̀lú títí tó fi dúdú kirikiri, tí ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹtù kì í ṣe sílíìkì. Àlàárì àti sányán ni sílíìkì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò pa pọ̀. Sílíìkì pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì láyé àtijọ́, ọjà òkèèrè ni. Láti etí òkun lọ́hùn-ún, ní ìhà Tírípólì, ni ràkúnmí ti ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Kánò, kí àwọn oníṣòwò tó máa gbé e bọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Heinrich Barth, ará Jámánì tó wọ Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé sílíìkì wà lára ọjà tí òun bá níbẹ̀. Sányán ní tirẹ̀, inú igbó ilẹ̀ wa níbí ló ti ń wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí; bí wọ́n bá ti gbọ́ sílíìkì, ilẹ̀ Ṣáínà ni ọkàn wọn ń lọ.

Kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì àwọn ará Ṣáínà, inú ilé ni wọ́n ti ń sìn ín, tí wọ́n ń já ewé fún un, kálukú wọn sì ń hun ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òwú inú ilé kòkòrò kan ṣoṣo lè gùn tó mítà 900 kó má já. Wọ́n á kàn wá orí rẹ̀ rí ni, wọ́n á máa fà á bọ̀. Kòkòrò sányán kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Anaphe ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀. Inú igbó ló ń gbé, lórí àwọn igi bí àjàgbọn àti ìrà, kò sẹ́ni tó ń fún un lóúnjẹ. Kó tó di àfòpiná, ọ̀pọ̀ wọn á kóra jọ, wọ́n á jọ hun àpò ńlá kan, kálukú á wá hun ilé kékeré tirẹ̀ sínú àpò náà. Òwú wọn ti lọ́ mọ́ra, ó ti lẹ̀ mọ́ra, kò ṣeé fà gbọọrọ bí ti Ṣáínà. Àfi kí wọ́n sè é nínú omi eérú kí ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra yọ́ kúrò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a, kí wọ́n wá ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú oko. Irun ara kòkòrò náà sì ń yúnni. Ẹni tó bá lọ ṣa ìtẹ́ rẹ̀ lóko á máa họra bọ̀ wálé ni. Nínú ₦780,000 tí mo san yẹn, owó ìyúnra àwọn kan wà níbẹ̀.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ekùkù ní ìhà Òǹdó àti Ìkàrẹ́, ẹbí kan náà ni. Anaphe venata ni ekùkù, orí igi arère ló sì fẹ́ràn láti máa gbé. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn dókítà wa ti ń kọ ọ́ pé ó lè fa àìsàn tí ẹsẹ̀ kì í fi í gbé èèyàn nílẹ̀ dáadáa, torí ó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá dára tẹ́lẹ̀. Ìdílé kòkòrò yìí, ó yá mi lára láti wọ̀ ọ́ ju kí n jẹ ẹ́ lọ.)

Ọjà Òjé ni mo kọ́kọ́ wá a lọ. Ọjà aṣọ òfì tó ń ná ní ìtàdógún-ìtàdógún ni, àwọn ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wọn ló sì ń kó ẹrù wá síbẹ̀. Ìsọ̀ tí mo bá yà, ìbéèrè kan náà ni mo ń bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi hun ún?" Èsì tí mo ń gbà ni pé orijínà ni, pé bàbá ìyàwó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú rẹ̀ lọ báyìí ni, pé kí n fọwọ́ bà á wò ná. Kò sẹ́ni tó dáhùn ohun tí mo bi í. Àfi ìyá kan tó jókòó síbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, tó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, télọ̀ ni yín, àbí? Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Àwọ̀ ni sányán lára èyí. Bẹ́ẹ bá fẹ́ èyí tó ti ara kòkòrò wá, ẹ lọ bá wọn ní Ìsẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì mú owó dání." Òun ló júwe agboolé tí mo padà lọ. Mo ra ìró òwú kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó mi, mi ò sì ná an lọ títí. Ẹni tó bá sọ òótọ́ lọ́jà Òjé yẹ kó jèrè rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ agboolé náà síbí. Bàbá tó ni òfì ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ lọ, òun ò fẹ́ kí fóònù máa dún lé òun lórí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kàn fẹ́ gbọ́ iye. Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn tó béèrè ibi tí wọ́n ṣì ń hun sányán olókòkòrò, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi júwe fún un, torí irú wọn ò pọ̀ mọ́. Ọ̀nà Móníyà ti dára báyìí, kí ìrìn náà má ká yín láyà.

Abẹ́ páànù ni àwọn òfì wọn wà, wọ́n tò ó lọ ní ìlà. Òwú nà láti iwájú ahunṣọ lọ sí òpin àgbàlá, wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ igi tí wọ́n gbé òkúta lé. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, òwú á là sí méjì lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀, igi kékeré tó gbé òwú dání, á gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á gbá a mọ́ra gbà! Àwọn ọ̀dọ́bìnrin pọ̀ lórí òfì níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin la mọ̀ mọ́ irú òfì yìí. Àwọn ìyá wa, òfì ìdúró ni tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń hun kíjìpá nínú ilé.

Kì í ṣe ìdí òfì ni mo pẹ́ sí jù ṣá. Ẹ̀yìnkùlé ni, lọ́dọ̀ ìyàwó àgbà bàbá náà, tó ń ran òwú. Ó gbé àpò ìtẹ́ kan tí wọn ò tíì sè lé mi lọ́wọ́. Ó le, ó fúyẹ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí mo sì ṣe mì í ni àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ ń dún. Èyí tí wọ́n ti sè ti rọ̀, ó ti mọ́ sí i díẹ̀, ọwọ́ lè fà á ya. Ìyá fi ìka méjì já níbẹ̀, ó so ó mọ́ orí kẹ̀kẹ́ òwú, ó ta ìdí kẹ̀kẹ́ náà nínú awo, kẹ̀kẹ́ ń yí, ìka rẹ̀ ń tú u sílẹ̀ fún un bó ṣe ń béèrè. Bó bá kan ibi tó kúdìí, á dúró, á fi eyín yọ èèpo tó fara pamọ́ síbẹ̀, á tu ú dànù, á tún máa bá iṣẹ́ lọ. Òwú tó ń jáde kò dọ́gba, ó nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà bà á. Mo bi í pé, "Ìyá, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó ran èyí tó máa tó agbádá kan?" Ó ní, "Ṣé èmi nìkan lò ń sọ ni, àbí èmi àti àwọn ọmọ tí wọn ò fẹ́ kọ́ ọ?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní òwú díẹ̀, mo ṣá iná sí i. Ó jó díẹ̀, ó kú fúnra rẹ̀, òórùn irun tó jóná gba gbogbo ibẹ̀, eérú rẹ̀ sì lọ̀ mọ́ mi níka. Bẹ́ẹ̀ ni sílíìkì ń ṣe. Òwú oko á jó lọ geere, òórùn bébà ló sì máa ń rùn. Òwú ike á yọ́, á di kókó dúdú líle. Kí ẹnikẹ́ni yín tó ka owó gidi sílẹ̀ fún sányán, ẹ gba òwú kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sun ún lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá bínú, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán bàbá yìí ni pé òun ló kọ́kọ́ là á yé mi kí n tó bi í. Oríṣi mẹ́ta ló ń hun. Èyí tó jẹ́ ₦160,000, òwú oko lásán ni, wọ́n rẹ ẹ́ kó lè ní àwọ̀ sányán. Èyí tó jẹ́ ₦450,000, òwú oko ló nà gbọọrọ lórí òfì, sányán ni ọ̀kọ̀ ń gbé kọjá nínú rẹ̀. Ìkẹta ni tèmi: sányán ló nà, sányán ni wọ́n fi hun ún, àfi ìlà funfun kan láàárín tí wọ́n fi òwú oko ṣe, irú èyí tí mo máa ń rí lára sányán àwọn bàbá wa. Ó wò mí, ó ní, "Télọ̀, bó bá jẹ́ torí fọ́tò lo ṣe fẹ́ ẹ, gba ti àkọ́kọ́. Fọ́tò ò mọ kòkòrò." Mo ná an, ó yọ ₦20,000, ó ní kí n má bẹ̀ ẹ́ mọ́, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ibi tí mo ti máa bá wọn jà rèé: àsìkò. A ti jọ fi ọjọ́ sí i, mo san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó sílẹ̀, ọjọ́ pé, aṣọ ò jáde. Mo pè, wọ́n ní òjò ni. Mo tún pè, wọ́n ní ìtẹ́ ò tó, àwọn ń retí ẹni tó ń kó o wá láti ọ̀nà Ṣakí. Nígbà tó yá, wọn ò gbé fóònù mọ́, ọmọkùnrin kékeré kan ló ń gbé e, tí á ní bàbá lọ sóko. Bí kì í bá ṣe pé mo ti fi àyè sílẹ̀ dáadáa nígbà tí mo ń dá ọjọ́ fún wọn, léèsì ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá fi jẹ oyè. Mo mọ̀ pé kòkòrò inú igbó kì í wo kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pe oníbàárà, kí wọ́n ní "ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó máa pẹ́ díẹ̀", kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ máàkì ni mo ń fún wọn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ti aṣọ. Ti ìdúró lórí ọ̀rọ̀, mẹ́ta, mo sì tún ṣàánú wọn níbẹ̀.

Ìbú aṣọ náà tún ń kọ́? Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni irú òfì yìí ń hun, àwa télọ̀ la máa ń so wọ́n pọ̀ di aṣọ. Mo fi téèpù wọn àwọn ọ̀já náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Íǹṣì mẹ́rin la jọ sọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ̀ lápá kan, wọ́n fún lápá kejì, èyí tó fi hàn pé ọwọ́ tó hun ún ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí kì í rán agbádá lè má kà á sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń so ọ̀já mọ́ ọ̀já láti apá ọ̀tún dé apá òsì, ìyàtọ̀ tín-ín-ń-tín yẹn á máa gun ara wọn, nígbà tó bá fi máa dé ìkángun, ìsàlẹ̀ agbádá ti wọ́ lọ sápá kan. Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo tò wọ́n, àwọn tó gún régé lọ síwájú, àwọn oníjàgídíjàgan lọ sí ẹ̀yìn àti abẹ́ apá. Ọmọṣẹ́ mi ń rojú, ó ní iṣẹ́ télọ̀ kọ́ nìyí. Iṣẹ́ télọ̀ ni.

Àwọ̀ rẹ̀ náà kò dọ́gba, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Kò sẹ́ni tó rẹ ẹ́. Bí ìtẹ́ bá ṣe rí ni òwú máa ṣe rí, nítorí náà ọ̀já kan pọ́n díẹ̀, èkejì fẹ́ sún mọ́ àwọ̀ eérú. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí gbogbo ara aṣọ òun rí bákan náà látòkè délẹ̀, inú rẹ̀ ò ní dùn, kó kúkú gba olówó pọ́ọ́kú. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Tí ẹ bá gbé e kúrò nínú yàrá bọ́ síta, ẹ máa rí i tí àwọ̀ náà ń sún kúrò níbi tí ẹ bá a sí.

Agbádá sányán àtijọ́ tí wọ́n gbé wá fún mi láti tún ṣe rí, òwú sányán kan náà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀. Lókèèrè, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ sún mọ́ ọn ná, ẹ máa rí i bí ọnà ṣe kún àyà aṣọ bámúbámú. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀bẹ mẹ́jọ, ọnà tí a kọ́ lára àwọn Hausa, tí àwọn ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó-ṣóńṣó ń na lọ sórí àyà. Máṣíìnì ò lè ṣe é lórí aṣọ yìí. Òwú tí Ìyá ràn, tó nípọn níbì kan tó tún tín-ín-rín níbòmíràn, kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ tó ń sáré. Lórí àjẹkù tí mo fi dánra wò, ṣe ló ń já a. Àfi ọwọ́. Bàbá kan tó wá láti Ìlọrin ló bá mi ṣe é, ₦150,000 ló gbà, ó sì tọ́ sí i. Kí ẹ tó ra sányán gidi, ẹ rí i pé ẹ mọ ẹni tó ṣì ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọrùn, torí mọ́nọ́gíráàmù orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò báyìí á sọ aṣọ yín di ajere.

Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ oyè. Agbádá náà wúwo léjìká, mi ò ní tan yín, ẹ̀gbọ́n mi sì ń ká apá rẹ̀ lé èjìká ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ ọn lára bí òwú ike ṣe máa ń lẹ̀, nígbà tó sì bọ́ ọ nírọ̀lẹ́, bùbá inú rẹ̀ kò rẹ gbindingbindin.

Sányán kì í kọ mànà. Ẹ gbọ́ ọ báyìí, kí ẹ má baà bú mi tó bá yá. Dídán rẹ̀ wà lábẹ́lẹ̀, ojú ló ń rí i, fóònù kì í rí i. Nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wọ aṣọ ₦120,000 ń tàn yẹbẹyẹbẹ, olóyè fúnra rẹ̀ wọ aṣọ tó rí ráúràú láàárín wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "Dádì, ṣé aṣọ tuntun yín ò tíì dé ni?" Bàbá àgbà kan ló fọwọ́ kan etí agbádá náà, ó fi ìka ra á wò, ó ní, "Ta ló kú tẹ́ ẹ jogún èyí?" Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ka sí mi, ó ní, "Òun nìyẹn, kò tíì kú."

Àwa náà la sì fa ọ̀rọ̀ dídán yìí. Láti àwọn ọdún 1970 tí owó epo ti dé, ṣáìn-ṣáìn ni gbogbo òde ń béèrè, aṣọ òfì tí òwú adán-bí-fàdákà ń kọ mànà nínú rẹ̀. Òwú ọjà rọrùn láti rà, gbogbo àwọ̀ ló ní, kì í yúnni, kì í sì í dúró de ìgbà òjò. Ahunṣọ tó ní ọmọ nílé ìwé kò lè máa jókòó de kòkòrò. Mi ò bá wọn wí, èmi náà ti rán ṣáìn-ṣáìn jẹun tó pọ̀ jọjọ. Èyí tí mo bínú sí ni aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ hun lókèèrè, tí wọ́n á ya ìlà sí lára kó lè dà bí ọ̀já tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n á wá pè é ní aṣọ òfì. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Bí ẹ ò bá rí ojú rírán níbi tí ìlà kan ti pàdé èkejì, kì í ṣe ọ̀já ni wọ́n so, aṣọ fífẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Ta ló wá yẹ kó lọ sí agboolé yìí? Kì í ṣe ẹni tó ń wá aṣọ ẹbí. Fún ìyẹn, oríṣi àkọ́kọ́ wọn, òwú oko tí wọ́n rẹ, dára púpọ̀, wọ́n hun ún kó ki, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Ti àárín, ₦450,000, ni mo máa gba ọ̀pọ̀ ọkọ ìyàwó nímọ̀ràn láti rà, ara rẹ̀ rọ̀, ó sì fúyẹ́ ju tèmi lọ. Sányán pọ́ńbélé, ẹni tó fẹ́ fi aṣọ náà sílẹ̀ fún ọmọ ni kó rà á, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ràn rẹ̀ tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí onítọ̀hún fi oṣù mélòó kan kún ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, kó má sì san gbogbo owó tán.

Bí ẹ bá rà á, ẹ má fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn gangan, ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án láìtẹ́ aṣọ lé e. Lẹ́yìn òde, ẹ nà án síbi tí atẹ́gùn wà, kẹ́ ẹ tó ká a sínú aṣọ funfun. Ẹ máa yí ojú ibi tí ẹ ti ká a padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ojú ìká ni mo ti sábà máa ń rí i tí àwọn ti àtijọ́ ń ya.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ahunṣọ, ẹ béèrè àjẹkù òwú. Wọn kì í fúnra wọn mú un jáde, àfi kẹ́ ẹ béèrè. Ìdì kékeré kan ni mo gbà, òun la fi ṣe ọ̀bẹ mẹ́jọ, ìyókù wà nínú dúrọ́ọ̀ mi de ọjọ́ tí aṣọ bá ya. Kò sí òwú ọjà tó máa bá a mu, tẹ́ ẹ bá sì padà lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ìtẹ́ ọdún mìíràn ni wọ́n máa fún yín, àwọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.